Àkànní Panápaná, Ẹni Tí Wọ́n Fi Ọ̀rọ̀ Àṣírí Rẹ̀ Pa

Yéè! Àkànní ọkọ mi, ó wá di gbére lóòótọ́! Ọkùnrin tí í wọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá jáde. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó sọ Ìkòsì di ilé, tí tọmọdé tàgbà Kétu mọ̀ sí ẹni ire. Wọ́n ní kí opó máa sunkún, kó má sọ̀rọ̀. Ẹkún mi ti gbẹ. Ohun tó kù nínú mi, ìbínú ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ́wọ́ bá mi pín nínú rẹ̀.

Ọkọ mi, ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín tí ẹ bá ti ibi iná dé. Ẹ óò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò ní, "Mummy Ìfẹ́, ní sùúrù, èéfín ṣì wà lára mi." Ẹ̀yin ni ẹ máa ń yẹ sílíńdà gáàsì gbogbo aládùúgbò wò láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ yín. Àràárọ̀ ni ẹ máa ń bá ọkọ̀ omi ibùdó panápaná yín sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pẹ̀tù sí ìyàwó tó ń bínú: "Àbẹ̀kẹ́ mi, jọ̀ọ́, dákun, dìde." Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó máa ń dá yín lóhùn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ibùdó pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn iná kan tó jó ní Mile 12 ni nǹkan yí padà. Obìnrin kan há sẹ́yìn irin fèrèsé. Ẹ gé irin náà, ṣùgbọ́n irin náà kò gé bọ̀rọ̀; kó tó gé, iná ti pa obìnrin náà lójú yín. Láti ìgbà náà, ẹ ò fẹnu kan ẹran sísun mọ́. Bí mo bá da ata sínú epo gbígbóná, ẹ máa ń ta gìrì. Mo ní ká lọ rí dókítà, ẹ ní, "Panápaná kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Tí mo bá sọ ọ́, ta ló máa bá mi wọ inú èéfín?"

Lásìkò yẹn ni wọ́n gbé áàpù kan dé, tí àwọn panápaná ti lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìlo orúkọ gidi. Ẹni tó ti rí irú ohun tí ojú yín rí ló máa dá yín lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan láti ibùdó mìíràn, tó ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì, kọ̀wé sí yín pé, "Ọ̀gá mi, èmi náà máa ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹ ò ya wèrè. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó sùn, ká tún sọ̀rọ̀ lọ́la." Ẹ gbé fóònù fún mi kí n kà á. Ẹ jẹun lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí bá Ìfẹ́ ọmọ wa kọrin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín o, ẹ̀yin èèyàn mi: áàpù kọ́ ló pa ọkọ mi. Èèyàn ni.

Àkànní, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n tó báyìí, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ fi orúkọ mìíràn bo ara yín, Àbẹ̀kẹ́ lẹ kọ! Ẹ rò pé kò sẹ́ni tó máa wá ọkùnrin gìrìpá lábẹ́ orúkọ obìnrin. Ọ̀gá ibùdó yín wá a. Ó wọ inú áàpù náà bíi panápaná kékeré, ó ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n, ó ń bi yín léèrè ohun tó ń dùn yín. Ẹ sọ ti obìnrin ojú fèrèsé fún un. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ yín máa ń gbọ̀n lórí àkàbà. Nígbà tó di àárọ̀, tí gbogbo yín tò níwájú rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ yín síta. "Àbẹ̀kẹ́, bọ́ síwájú! Ẹ wo ọ̀gá panápaná tó ń sunkún sínú fóònù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ó ní kí ẹ lọ máa ṣí géètì.

Ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Ẹ ò bá Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ò sì fẹ́ bá èmi náà sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ilé ìtajà fóòmù jó ní Kétu, èèyàn kò tó, ọ̀gá yín ní kí ẹ wọ ọkọ̀. Nígbà tí ẹ débẹ̀, ó bi yín lójú gbogbo èrò pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé wàá wọlé ni, àbí o fẹ́ kọ́kọ́ tẹ fóònù?" Méjì méjì ni panápaná ń wọ inú èéfín. Ẹ ò dúró de ẹnì kejì. Òrùlé wó lé yín lórí níbi tí ẹ ti ń fi hàn án pé ẹ kì í ṣe ojo.

Ọ̀gá yìí fi ọ̀rọ̀ ìdágbére ránṣẹ́ sí wa. Akọni ló pè yín. Ó ní kí a fún òun ní ojú ìwé kan. Ojú ìwé tirẹ̀ ni mo fi kọ èyí. Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Ojú tó fi wo ìtìjú yín, kó fi wo tirẹ̀. Kó ní ẹrù lọ́kàn, kó má rí ẹni sọ ọ́ fún. Mo ti sọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì máa lọ bá wọn títí wọn yóò fi bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin èrò, àṣà wọn ni pé lẹ́bàá sàréè, ọ̀gá ibùdó ló máa gbé àṣíborí olóògbé fún opó. Opó á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á sì dúpẹ́. Ó máa gbé e wá lónìí. Ẹ máa wo ọwọ́ mi, mi ò ní nà án. Kó dúró nínú oòrùn, kí apá máa ro ó, títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, níwájú àwọn tó mú rẹ́rìn-ín. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó gbé àṣíborí náà fún Bàbá Ìbejì. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi Àbẹ̀kẹ́ ṣe, ó wá sílé wa lọ́jọ́ kẹta tí ọkọ mi kú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mummy, èmi ni mò ń bá Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wá a títí, kò dáhùn." Ọwọ́ ẹni yẹn ni mo lè gbà á.

Àkànní mi, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀gá yín sílẹ̀ fún mi. Ẹ sùn re o, ọkọ mi. Èmi ò tíì ní sùn.