Ajá Ń Pè Mí, Mi Ò Dìde: Fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ Mi

Áà! Àǹtí Bọ́sẹ̀ mi o! Ṣé ó ti wá di gbére báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ ra òwú ní Yábà láìkọ́kọ́ yọjú sí mi pé, "Láyí, mò ń bọ̀ o," ẹ̀yin náà lẹ wá lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ikú ṣe mí léṣe. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ ní kí n nu ojú mi nù, pé ẹ wà ńbẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún mi lọ́tẹ̀ yìí?

Èmi Láyí ni mo ń kọ èyí, àbúrò yín kan ṣoṣo, mẹkáníìkì, oníbìínú, ọmọ tí ẹ tọ́ dàgbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sínú ìwé ìsìnkú yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé aránṣọ tó mọṣẹ́ ni yín, pé ẹ lawọ́, pé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ohùn yín kì í ga, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ tuntun, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní àdúgbò wa ní Muṣin tí aṣọ tí ẹ rán ò tíì wọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ.

Èmi ni mo mú ajá náà wálé. Ìjà lórí ògiri ààlà wà láàárín èmi àti Alájì tó ń gbé ilé kejì, mo bá sọ ajá mi ní Ódùnwọ́n, kí n lè máa fi pe ajá, kí n sì máa fi bú Alájì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ irú orúkọ ajá bẹ́ẹ̀, ó wà ládùúgbò yín náà. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́bàá ògiri, màá máa lọgun, "Ódùnwọ́n! Ódùnwọ́n dà?" Alájì á ti ilẹ̀kùn gbàgà, inú mi á dùn. Mo so ajá mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń bu ata gígún sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè burú, torí wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó sì burú lóòótọ́. Ó burú débi pé èmi tí mo ni ín ò lè sún mọ́ ọn láìmú igi dání.

Ọjọ́ tó fa ìró oníbàárà yín ya, gbogbo ilé ní kí n tà á fún àwọn ẹlẹ́ran ajá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní rárá. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yín, ẹ lọ jókòó síbi tí ṣéènì rẹ̀ ò lè dé, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ ò wò ó lójú, ẹ ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán etí búbà. Tó bá ti dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó ju ẹ̀dọ̀ sísè tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i. Tó bá gbó, ẹ ò ní bá a wí, ẹ ò ní mira. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Àǹtí, àbí ajá lẹ fẹ́ rán búbà fún ni?"

Ẹ ní, "Láyí, ẹ̀rù ló ń ba nǹkan yìí. Ìwọ ò ṣáà rí i, o rò pé ìbínú ni. Wo ìrù ẹ̀, ó ti kó o sábẹ́ ikùn. Wo bó ṣe ń fi ahọ́n lá ẹnu, kò dẹ̀ tíì jẹ nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kẹta ẹ pè mí. Ẹ ní, "Orúkọ tí o fún un yìí, ṣé o ti fi ohùn rere pè é rí?" Ẹ ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ìjà ló ń gbọ́, báwo ni ara rẹ̀ ṣe máa balẹ̀? Àtọjọ́ náà lẹ ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Èmi kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ajá mi ni, Ódùnwọ́n lorúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣe é fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ ò kánjú. Ẹ yọ ata kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ tú ṣéènì náà, ẹ fi okùn rírọ̀ tí ẹ rán fúnra yín rọ́pò rẹ̀, nígbà tó yá ẹ tú ìyẹn náà. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrun. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́ṣáláṣí láti pe ìrun, ajá yìí á máa hu, Alájì sì gbà pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ tẹ́tí, ẹ ní kì í ṣe ohùn ìpèrun ló ń bà á lẹ́rù, pé igbe tí ẹ̀rọ yẹn máa ń ké nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ bá a kó tó di àsìkò ìrun. Bí ẹ̀rọ bá ti ké, ẹ̀dọ̀ á bọ́ síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, bí ẹ̀rọ bá ké, ńṣe ló máa rọra wọ abẹ́ máṣíìnì yín, á gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ yín, á dijú. Alájì tó ti ń lọ bí ọdún méjì tí kò kí ẹnikẹ́ni nílé wa ló wá dúró lẹ́nu géètì, tó ní, "Àǹtí aránṣọ, ajá yín yìí mà ti mọ àsìkò ìrun ju àwọn ọmọ mi lọ o!" Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ibẹ̀ ni ìjà ògiri parí sí.

Láti Sùúrùlérè, láti Èbúté Mẹ́ta, ni wọ́n ti ń fa ajá wá bá yín. Àwọn kan ń pè yín ní Ìyá Ajá, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé Ọlọ́run ò fún yín lọ́mọ. Ẹ mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, ẹ sì ń jẹ́ wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ á ní kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ajá kọ́kọ́ gbóòórùn wọn, kó fúnra rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ẹ máa ń pè mí pé kí n wá kọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Èmi á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun kan lẹ sì ń sọ fún mi léraléra, bóyá ẹ sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá: "Láyí, ajá yìí ò gbó lásán mọ́. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ tó gbó, jọ̀ọ́, dìde, lọ wo nǹkan tó ń wò."

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday ni. Wọ́n ti mú iná lọ, ooru ń mú, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo dùbúlẹ̀ sí yàrá mi lẹ́yìn ilé. Ajá gbó. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gbó lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù yín níwájú ilé, ó tún sáré wá, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ódùnwọ́n, pa ẹnu ẹ mọ́!" Kò pa á mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bọ́ sálúbàtà, mo là á mọ́ ọn lójú. Ó ké, ó lọ. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo sì sùn. Mo sùn, Àǹtí.

Oníbàárà tó wá gba aṣọ ló bá yín nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ajá náà nà gbalaja tì yín, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ yín. A gbé yín dé ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti kan ọpọlọ. Ó bi mí pé ìgbà wo ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ní oorun ni mo ń sùn. Ó ní, "Ká ní ẹ ti tètè gbé wọn dé ni..."

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n má kọ èyí síbí. Wọ́n ní ìtìjú ni. Ìtìjú ni lóòótọ́, tèmi sì ni. Tí mo bá kọ ìyìn nìkan fún yín, irọ́ ni mo fi sin yín.

Àtọjọ́ náà ni Jẹ́jẹ́ ti dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín. Kì í jẹun. Alájì tí kì í fọwọ́ kan ajá máa ń gbé abọ́ omi wá sítòsí rẹ̀ láràárọ̀, á rọra fi ẹsẹ̀ tì í síwájú. Omi yẹn nìkan ló ń lá. Tó bá rí mi, á kó ìrù sábẹ́ ikùn, á fi ahọ́n lá ẹnu, á máa fà sẹ́yìn. Mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n mú un lọ fún ẹnì kan ní Ìgànmú. Mo ní mi ò mú un lọ síbì kankan.

Lánàá mo gbé àpótí ìjókòó yín. Mo jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mi ò wò ó lójú. Mo ju ẹ̀dọ̀ sí i, kò fi imú kàn án. Mo wá rọ ohùn mi, mo fi orúkọ tí mo kọ̀ pè é, bí ẹ ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́: "Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ mi."

Àǹtí, ó gbé orí sókè. Ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn mi fò fáyọ̀, mo rò pé ó ti dárí jì mí. Àṣé kì í ṣe èmi ló ń wò. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn mi, mo sì rántí ohun tí ẹ sọ. Mo dìde, mo lọ wo nǹkan tó ń wò. Máṣíìnì yín ló wà níbẹ̀, àti búbà tí ẹ gán etí rẹ̀ dé ìdajì, tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ó ti sọ orí kalẹ̀.

Màá tún gbé àpótí náà lọ́la. Ẹ sùn re o, Àǹtí Bọ́sẹ̀ mi. Àbúrò yín ti dìde báyìí, ó ti pẹ́ jù.