Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́yìn Mi

Mi ò mutí, ojú ò sì dùn mí. Ojúmọmọ ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, nínú ilé àdúrà kékeré wa lábẹ́ òkè, lọ́nà ìlú Kèrè. Ẹ gbà á, ẹ má gbà á, èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí Mórísì, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀n. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ó ti kú, ní ká ṣe òkú rẹ̀ kí Noẹ́lì, ọdún Kérésìmesì, tó dé. Mo ní n ò ní ṣe òkú ẹni tí n kò rí òkú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Noẹ́lì, àwa Kátólíìkì a máa gbàdúrà láti fi retí Olúwa. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, gbogbo èèyàn wà lóko òwú. Èmi nìkan ni mo lọ sílé àdúrà. Mo fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn nínú nítorí ewúrẹ́. Ọyẹ́ ti da eruku bo ilẹ̀.

Mo ní, "Olúwa, máa bọ̀."

Ẹnìkan mí lẹ́yìn mi.

Ẹ gbọ́ mi o. Òórùn omi iyọ̀ gba gbogbo inú ilé, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà sí wa gan-an.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́, "ẹ máa lọ sílé. Ẹ má retí mọ́."

Ohùn Mórísì ni. Inú bí mi. Àbí òun náà ti wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni?

N ò yíjú. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ọmọ mi ni, wá síwájú kí n rí ọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kúnlẹ̀ ká jọ gbàdúrà. Èmi ò kúrò níbí."

Mo wá gbọ́ tí orúnkún kan ilẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Olúwa, máa bọ̀."

"Máa bọ̀," ló dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí mo fi parí.

Nígbà tí mo yíjú, kò sẹ́nìkan. Ipa orúnkún méjì ló wà nínú eruku, omi sì wà nínú wọn. Ipa ẹsẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀ àfi tèmi. Ìkọ́ ilẹ̀kùn ṣì wà bí mo ṣe há a.

Fadá sọ pé ibi tí a ò fojú sí ni Olúwa máa ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ Òun. Ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì ń wá nítorí òkú yẹn. Ìdáhùn mi ò yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí, bí ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ní kí ẹ má retí mọ́, ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ẹ ní kó kúnlẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ lé yín délé.