Ìyàwó Àbúrò Mi Bẹ̀ Mí Kí N Jẹun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ìyàwó àbúrò mi ló ń bẹ̀ mí kí n jẹun lónìí.

Ìyá Tóyìn ará Ìpọ̀nrí kan náà, tó máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sá tó bá ti gbúròó mi.

Látìgbà tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, tó gé àpò oúnjẹ inú mi kù kí sísanra mi lè dín, mi ò tíì dé ilé wọn àfi lónìí. Ó gbé iyán kalẹ̀ bí òkè. Mo rọra jẹ òkèlè kéékèèké díẹ̀, mo ṣanwọ́.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ọbẹ̀ ò dùn ni?"

"Ó dùn. Mo ti yó ni."

"Ẹ̀yin, yó? Ikùn yín tí mo mọ̀ yìí?"

"Dókítà ti gé èyí tó o mọ̀ yẹn. Kálórì, ìwọ̀n agbára oúnjẹ tó bù fún mi lójúmọ́, ti pé."

"Kálórì kọ́, kàlòkalò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹran yìí."

Ẹran náà ń wò mí. Tí mo bá fi kún un, èébì ni, ìyà tí mo jẹ lórí bẹ́ẹ̀dì á sì dòfo.

Mo dìde lórí àga tí wọ́n máa ń fà mí yọ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí.

Mo ní, "Ìyàwó, gbé ẹran padà sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tó o máa ń gbé e pamọ́ sí kí n má bàa rí i."

Àbúrò mi tó jókòó tì wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ máa ń gbé ìkòkò sá, ẹ fèsì: ilé ta ni kí n yà lọ́la?