Ọjọ́ Tí Mujeebah Wọ Ìwó

Gààrí wà lójú agbada, iná ń jó lálá, nígbà tí Àgbékẹ́ gbọ́ igbe láti ojú títì. Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tó ń ju ìborùn rẹ̀ sókè sódò bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ṣẹ̀fíátù ni, ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Tiwa! Wọ́n ti kọjá Ilé-Ogbó o! Abdulqowiyy ló pè mí, òun àti Mujeebah!"

Igbá tó fi ń yan gààrí bọ́ lọ́wọ́ Àgbékẹ́. "Mujeebah wo? Mujeebah tèmi?"

"Mujeebah tiwa!"

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú Àgbékẹ́ ti rí lè rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, nítorí ṣe ló ń fò sókè tó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Tiwaladé nìkan ni ọmọ tó bí. Ìwó níbí ló ti bá Abdulqowiyy pàdé, Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ Mùsùlùmí, kò sì sẹ́ni tó torí ẹ̀ jà. Orí ìkúnlẹ̀ ni Tiwaladé kú sí. Ọmọ yè, ìyá lọ. Omi ò tíì gbẹ lójú wọn tí ọkọ fi gbé Mujeebah, ọmọ jòjòló náà, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àkúrẹ́. Ó ní òun ò lè fojú kan Ìwó mọ́.

Lásìkò yẹn, àdúrà kọ̀ láti jáde lẹ́nu Àgbékẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ìjọ dìde gbàdúrà, yóò dìde, yóò di àga iwájú rẹ̀ mú, ẹkún nìkan ni yóò máa sun. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, èyí tó rí náà ò sì gùn: "Olúwa, O ò dá ìyá sí fún mi. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fojú kan ọmọ." Ohun tó ń sọ láràárọ̀ nìyẹn kó tó lọ dáná.

Lẹ́ẹ̀mejì ni Abdulqowiyy ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì. Àgbékẹ́ ra bàtà ọmọ, ó pa adìẹ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. Àwọn aládùúgbò ní kó lọ pe ọlọ́pàá sí i. Ó kọ̀. "Ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ò tíì sọ fún mi pé rárá."

Wàyí o, òórùn gààrí tó ń jó ti gba gbogbo agboolé. Raheemah, tí wọ́n jọ ń yan gààrí, figbe ta: "Ìyá Tiwa, gààrí yín o!"

"Bá mi wò ó! Bó bá wù ú, kó di èédú!"

Ó ti gun ọ̀kadà kó tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lòún wọ bàtà sí. Àwọn àna méjèèjì há mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ọ̀kan ń ké Alihamudulilahi, èkejì ń ké Halelúyà, ọlọ́kadà ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má ti òun ṣubú.

Ní gáréèjì, Abdulqowiyy ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ foríjì mí, mà. Ojú yín ni mi ò lè wò. Mo ń rò pé ẹ ó bi mí pé níbo ni mo gbé ọmọ yín sí."

Àgbékẹ́ fà á dìde. "Ikú tó mú un lọ́wọ́ mi náà ló mú un lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin kan tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó di báàgì mọ́ àyà. Ó wu Àgbékẹ́ kó já lù ú, ṣùgbọ́n ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ó lóṣòó kí ojú wọn lè bá ara wọn mu.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Dádì mi ní ẹ lórúkọ kan tí ẹ fẹ́ sọ mí."

"Ẹyinjúolúwa." Àgbékẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Orúkọ tí mo fi ń gbàdúrà fún ọ nìyẹn."

"Ó gùn," ni ọmọ wí. Ó rò ó wò díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dùn." Ló bá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọgbẹ́ Tiwaladé ṣì wà lọ́kàn Àgbékẹ́ o. Ayọ̀ kàn wá bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ó sì gbà á láyè. Kí wọ́n tó délé, àwọn ìyá àgbà méjèèjì ti ń jiyàn lórí ibi tí ọmọ yóò sùn. Ṣẹ̀fíátù ní ilé bàbá lọmọ ń gbé. Àgbékẹ́ ní ṣé ilé ìyá kì í ṣe ilé ni? Abdulqowiyy ní òun ò dá sí i. Mujeebah wò wọ́n síwá sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá nǹkan fóun jẹ ná.