Iyán Abọ́ Méjì

Ọlọ́kadà sẹ́mìjàn kan gbé páálí písà méjì dé ilé ọmọ mi ní Kútọnu, láti ilé oúnjẹ méjì. Àwọn ọmọọmọ mi ń jiyàn: èyí kì í yí adùn padà, tọ̀hún dáa lónìí, ó bàjẹ́ lọ́la. Òórùn gbígbóná náà gbé mi padà sí oko wa ní Manigri, níbi tí mo gbé abọ́ iyán méjì dé fún bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ nígbà èwe mi.

Abọ́ pupa jẹ́ ti ìyá mi. Aláwọ̀ ewé jẹ́ ti Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi. Àbúrò bàbá mi ní iyán ìyá mi ti ń ní kókó. Ó dùn mí.

Mo ní, “Ẹ bò mí lójú. Bí mi ò bá dá tìyá mi mọ̀, ẹ má pè mí lọ́mọ rẹ̀ mọ́.” Imú mi mú nígbà náà débi pé iṣu tó ń hù ní Alédjo, ìlú tó jìnnà sí wa, mo ń gbóòórùn rẹ̀.

Wọ́n fi fìlà bò mí lójú. Mo tọ́ ọ̀kan wò, mo tọ́ èkejì, mo tún padà, títí ikùn mi fi le bí igbá.

Bàbá ní, “Adájọ́, ṣé o fẹ́ jẹ ẹjọ́ náà tán ni?”

Mo nawọ́. “Èyí ni. Kò ní kókó kankan.”

Abọ́ pupa ni.

Mo sáré lọ ròyìn nílé. Ìyá mi wo Ìyá Kékeré. Ìyá Kékeré nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, “O ṣeun, ọkọ mi. Ti ìyá rẹ ló dára jù.”

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé apá ìyá mi kò gbé ọmọ odó mọ́ lọ́dún náà, Ìyá Kékeré ló ń gún iyán inú abọ́ méjèèjì.