Omi Tí Ìyá Mi Fi Dù Mí

Ìdí kòkó ni mo jókòó sí, mo ń fọ́ èso, nígbà tí inú mi kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Mo fi ṣẹ̀rín. Kí n tó délé ní Ìkirè, ẹ̀rín ti tán. Ohun tó ń ti ìdí mi jáde dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

Ní ilé tiwa, ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú kì í mu omi. Wọ́n ní omi ni àìsàn náà ń jẹ. Ìyá mi gbé ìkòkò omi wọ yàrá, wọ́n jókòó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ fún mi ní díẹ̀."

"Kí n fọwọ́ ara mi pa ọ́? Fara dà á, ọmọ mi."

Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Pajápajá mú ẹsẹ̀ mi, ojú mi jìn wọnú. Èmi tí mo máa ń fi ikú ṣàwàdà nílé òkú, gbogbo àdúà tí mo sá fún nílé kéú ni mò ń wá kiri.

Ìyàwó mi ló wá ọkọ̀ tó gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Àpòmù. Bẹ́ẹ̀dì ti kún, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n tẹ́ mi sí. Wọ́n gbé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jáde, aṣọ ti bo ojú rẹ̀. Ó wù mí kí n sá, àmọ́ ẹsẹ̀ wo ni n ó fi sá?

Nọ́ọ̀sì fa awọ ikùn mi sókè, awọ náà dúró síbẹ̀, kò padà. Ó ní àrùn onígbáméjì ni, pé gbígbẹ tí omi ń gbẹ lára ló fi ń pààyàn. Kí dírípù tó kàn mí, ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí wọ́n ti sè. Ó ní ṣúgà ló ń fa iyọ̀ wọ inú ara, tí omi á sì tẹ̀ lé wọn.

"Màmá, ẹ máa fi ṣíbí bù ú fún wọn."

Ìyá mi gba ṣíbí, wọ́n ń sunkún. "Èmi ni mo fi omi dù ú."

"Ẹ má sunkún, Màmá. Àwọn dókítà òyìnbó àtijọ́ náà fi omi du aláìsàn, wọ́n tiẹ̀ tún ń fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀."

Ìyá mi bu ṣíbí àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu. "A jẹ́ pé àwọn náà ò fẹ́ kó kú."

Mi ò lè ṣe nǹkan kan ju kí n lanu lọ. Mò ń gbé e mì, mò ń bì í, wọ́n tún ń bù ú. Dírípù dé nígbẹ̀yìn, ìtọ̀ tí kò jáde mọ́ sì padà dé. Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lórí ìtọ̀!

Mo ti rò pé ẹran àti egungun ni mí. Omi ni mí, awọ ni wọ́n fi dì í. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnìkan nílé yín, ẹ fún un lómi, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní tèmi, mi ò lè wúkọ́ nílé mọ́. Ìyá mi á ti gbé ife dé.