Àga Tó Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìyá Ẹ-Dìde ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Bí ó bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ife orí tábìlì á gbọ̀n. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ lónìí, lọ́la ni yóò ní kí o dìde rìn. Ìwádìí lóríṣiríṣi ló ti kà: ẹni tó bá tètè rìn, òtútù àyà kì í sábà mú un, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tètè dì sí i lẹ́sẹ̀.

Àwọn ẹbí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ó bá ti yíjú báyìí, wọn á da aláìsàn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn á faṣọ bò ó dé ọrùn, wọn á ní, "Pẹ̀lẹ́, sinmi." Ló bá kó gbogbo àga àlejò, ó tò wọ́n sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Aláìsàn tó bá fẹ́ gbọ́ òfófó, kó rìn lọ bá a.

Àwọn ẹbí fàáké kọ́rí, wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀gá dókítà pè é.

"Mo fún yín lóṣù mẹ́ta. Wọ́ọ̀dù kejì á fi àga tiwọn sílẹ̀. Irú iṣẹ́ abẹ kan náà, iye aláìsàn kan náà, la ó fi wéra. Bí tiyín ò bá sàn jù, àga á padà, ẹ̀yin náà á sì kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn."

"Ó dáa, sà. Ẹ máa wá àyè tí ẹ ó to àga tiwọn náà sí."

Ó ku díẹ̀ kí oṣù mẹ́ta pé ni wọ́n gbé ìyá ọkọ olórí nọ́ọ̀sì wá sí wọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn.

"Ìyàwó mi, bí mo ṣe wà yìí lo ní kí n rìn? Ṣé torí mo ní ọbẹ̀ rẹ níyọ̀ jù lọ́jọ́sí ni?"

"Ìyẹn dìgbà tí ẹ bá délé, Màmá. Àbúrò yín ti dé o. Ó ní ìgbéyàwó ọmọ onílé yín ti dàrú."

Ìyá àgbà gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ta ló dà á rú?"

"Èmi ò mọ̀. Abẹ́ fèrèsé ló jókòó sí."

Ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Olórí nọ́ọ̀sì dì í mú pinpin. Bí ìyá yìí bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, wọ́ọ̀dù bọ́ nìyẹn, ilé ọkọ náà ò sì ní í gbà á. Ìyá bú u láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, kò tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ó yá, àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, òtútù àyà ti mú aláìsàn mẹ́sàn-án ní wọ́ọ̀dù kejì. Ní ti Ìyá Ẹ-Dìde, ẹyọ ẹnì kan. Ọ̀gá dókítà bọ́ kóòtù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga méjì ní wọ́ọ̀dù kejì, ó dorí kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá àgbà ń lọ sílé. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá fún un. Ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ ìyàwó mi ni?"

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó sì rìn jáde.